Ìmúrasílẹ̀ fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò ní Òkè-Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní Ìdèrè

Ọ̀ràn tí a pè yín sí kì í ṣe èyí tí a gbọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Lóòrèkóòrè ni àwọn òbí ń mú un tọ̀ wá wá: ọmọ ti jáde ní yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, nísinsìnyí ó ń fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òwò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹbí sì ń rò ó bóyá kí a ta ilẹ̀ oko. Ilẹ̀ tí a bá tà, ó ṣòro kí a tó rí i rà padà ní iye tí a tà á. Nítorínáà ó tọ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ rà kí a tó na ọwọ́ sí àpò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà tuntun ni kí ènìyàn dúdú rékọjá òkun nítorí ẹ̀kọ́ òwò. Henry Venn, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1841 títí di 1872, gbàgbọ́ pé ìjọ tí ó bá fẹ́ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọn oníṣòwò tirẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1850 ni a rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ láti Áfríkà lọ sí Manchester, lọ́dọ̀ Thomas Clegg, oníṣòwò òwú, kí wọ́n lè kọ́ bí a ti í ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀, àti bí a ti í dì í fún ọjà. Henry Robbin wà nínú wọn. Nígbàtí ó padà, Abẹ́òkúta aládùúgbò wa ni ó ti lo ìmọ̀ náà. Ẹ kíyèsí i pé a mọ ohun tí a rán wọn lọ kọ́, a sì mọ ibi tí wọn ó ti lò ó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Akíntọ́lá Williams, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1919, kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Yaba Higher College. Ní 1944 ó lọ sí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó gba oyè ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, nígbàtí ó sì di 1949 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ oyè akáúńtáǹtì tí ó ní ìwé àṣẹ. Ó padà wálé, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1952, ó sì wà láàyè títí di ọdún 2023, nígbàtí ó ti pé ẹni ọdún 104. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1944 kan náà tí ó wọ ọkọ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti ilé, nípa àdákà ìwé, kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní òkè-òkun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kò lágbára má ṣe rò pé a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òwò tí òkìkí wọn kàn jùlọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Wharton ní Philadelphia ti wà láti 1881, Harvard bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1908, INSEAD ní ilẹ̀ Faransé ní 1957, London Business School ní 1964. Ní Amẹ́ríkà ọdún méjì ni a sábà máa ń fi gba oyè M.B.A.; ní INSEAD oṣù mẹ́wàá tó. Nílé wa níhìn-ín, Lagos Business School ti wà láti 1991, ẹni tí ó bá sì ti ibẹ̀ jáde kò nílò láti tijú lójú ẹnikẹ́ni. Ohun kan tí gbogbo wọn fi jọra ni pé wọn kì í fẹ́ ọmọ tí kò tí ì ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ń wá, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ ara wọn láti inú ohun tí olúkúlùkù ti fojú rí. Nítorí èyí, nígbàtí òbí kan bá sọ fún wa pé ọmọ òun jáde ní yunifásítì ní èṣí, òun sì fẹ́ kí ó lọ ní ọdún yìí, a máa ń dá a lóhùn pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kékeré.

Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní GMAT ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè, tàbí GRE ní ipò rẹ̀. GMAT ti ìsinsìnyí gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, ìbéèrè 64 ni, ní apá mẹ́ta: ìṣirò, òye èdè, àti kíka àtẹ àti àwòrán ìṣirò. Máàkì rẹ̀ ń lọ láti 205 dé 805, ọdún márùn-ún sì ni ó fi ń lágbára. Ní apá ìṣirò a kò gbà kí ẹnikẹ́ni lo ẹ̀rọ aṣírò; orí ni a ó fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é lọ́jà láìmú bírò dání. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni kí a fi múra, kí a sì máa ṣe é lójoojúmọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí kò béèrè rẹ̀ rárá, nítorínáà kí a kọ́kọ́ ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kọ, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ẹnu àjẹ́ǹtì. Kí a sì tètè kọ̀wé sí yunifásítì wa fún àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò, nítorí èyí a máa pẹ́ ju bí a ti rò lọ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò ní kí ọmọ kọ àròkọ nípa ara rẹ̀: kí ni o ti ṣe, kí ni o fẹ́ ṣe, èéṣe tí o fi ń tọ̀ wá wá? A ti ka púpọ̀ nínú irú àròkọ bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa mú wá kí a bá wọn wò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dàbí ẹni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó kọ wọ́n. Gbogbo wọn fẹ́ yí Áfríkà padà. Kò sí èyí tí ó dárúkọ Ìdèrè. Àwọn mìíràn ra tiwọn lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ọ́ tà, àwọn mìíràn sì fi í fún ẹ̀rọ láti kọ.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè: kí ni ọmọ Ìdèrè mọ̀ tí ọmọ ìlú mìíràn kò mọ̀? Bí ìyá rẹ̀ bá ń yan gàrí, ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá wú lónìí kò lè dúró ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì yan án. Owó igi ìdáná wà níbẹ̀, owó ẹlẹ́rọ wà, owó ọkọ̀ títí dé Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn wà, owó àwọn tí ó bá wa bó o pẹ̀lú wà. Nígbàtí ọ̀nà bá bàjẹ́ ní àkókò òjò, tí ọkọ̀ kò sì wá, ta ni ó ń jẹ gbèsè náà? Ẹni tí kò lè dúró ni, èyíinì ni àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti kúrò nínú ilẹ̀. Ọmọ tí ó bá jókòó tí ó sì fi iye owó kọ gbogbo èyí sílẹ̀, tí ó fi hàn ibi tí èrè ń gbà jò, tí ó sì sọ ohun tí òun ti gbìyànjú láti ṣe sí i, ọmọ náà ti kọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard yóò fẹ́ kà dé òpin.

Tàbí kí ó béèrè lọ́wọ́ baba rẹ̀ nípa sòbìà. Àwọn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá láti ọdún 1963, Ìdèrè yìí sì wà nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí àrùn náà gidigidi, kí a tó kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí sòbìà dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ìgbà tí iṣẹ́ oko ń pè é, ìrora nìkan kọ́ ni ó jẹ. Ó pàdánù ọdún náà. Ohun tí omi mímu tí ó mọ́ lè ṣe fún ọrọ̀-ajé ìlú kan, àwa ni a lè jẹ́rìí sí i.

Ọ̀ràn ìwé ẹ̀rí kàn wá gan-an. Àwọn kan a máa mú lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ wá fún wa ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, pé kí a sáà fọwọ́ sí i. Nínú ọ̀kan, a kà pé a ti jẹ́ ọ̀gá ọmọ náà níbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. A kò fọwọ́ sí i, inú ìyá rẹ̀ kò sì dùn sí wa títí di òní. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, lẹ́tà àlùfáà kọ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fẹ́. Ọ̀gá tí ó rí ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, tí yóò lè sọ pé ní ọjọ́ báyìí ó ṣe báyìí, ó sì kùnà níbí. Olórí ìlú tàbí aṣòfin tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ràn án lọ́wọ́, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ nìkan ní Harvard ju 70,000 dọ́là lọ lọ́dún kan, láìka oúnjẹ àti ibùgbé. Kí June 2023 tó dé, ní iye tí ìjọba ń pa á, dọ́là kan fẹ́rẹ̀ jẹ́ 460 náírà. 70,000 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 32. Nígbàtí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500, owó kan náà sì ju mílíọ̀nù 105 lọ. Ẹbí tí ó ti ta ilẹ̀ fún ọdún kìíní rí i pé kò sí ilẹ̀ tí ó tó ọdún kejì. Nítorínáà ni a fi ń sọ pé kí a wá ìrànlọ́wọ́ kí a tó wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá a máa ṣe ìrànwọ́. Harvard ń wo àìní ènìyàn kí ó tó fún un. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Chevening, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan: ó béèrè ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì béèrè pé kí ẹni náà padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Ṣùgbọ́n kí a ka òfin rẹ̀ dáadáa, nítorí ó ní iye tí ó ń san mọ fún M.B.A.; èyí tí ó bá kù, ọrùn ọmọ ni ó wà.

Lẹ́yìn èyí ni físà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rí i pé owó náà ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìyẹsẹ̀, wọ́n sì ń béèrè àyẹ̀wò ikọ́ ìfe lọ́wọ́ àwọn tí ó ti Nàìjíríà wá. Àwọn kan ń yá owó tí a ó fi hàn, àwọn mìíràn ń ra ìwé báńkì èké. Ẹni tí a bá mú nínú ẹ̀tàn lè di ẹni tí a kò ní fún ní físà fún ọdún mẹ́wàá. A bẹ àwọn òbí, kí wọ́n má ṣe ti ọmọ wọn sínú èyí. Ní ti Amẹ́ríkà, ní December 2025 ni Ààrẹ ibẹ̀ pàṣẹ tí ó dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà láti January 2026. Ẹni tí ó bá ń lérò ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí ipò tí nǹkan wà ní ọ́fíìsì aṣojú wọn kí ó tó san kọ́bọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí ó ti gbéyàwó. Láti January 2024, akẹ́kọ̀ọ́ M.B.A. ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú aya tàbí ọkọ tàbí ọmọ lọ lórí físà tirẹ̀ mọ́, bí kò ṣe pé ìjọba ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ náà. Ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìyàwó yóò fi dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, nínú ilé àna nígbà mìíràn. Kí tọkọtaya jókòó sọ èyí ní alẹ́ púpọ̀ kí a tó fi ìwé ránṣẹ́: ta ni yóò san owó ilé-ìwé, iye ìgbà mélòó ni a ó máa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀, nígbà wo ni a ó padà? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn tí ó fẹ́ wọlé ní September ọdún tí ń bọ̀, àkókò wọn ti tó láti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ a máa gba ìwé àkọ́kọ́ ní September, wọ́n a sì gba èkejì ní January. Ẹni tí ó bá ní àròkọ tí ó fẹ́ kí a bá òun kà, kí ó mú un wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó mú èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá.