Pàkúté, Ìjẹ àti Àdéhùn Àdúgbò: Bí A Ṣe Lè Dín Eku Kù Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ eku ni ẹ pè mí sí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọdún 1969 ni wọ́n dá ibà Lassa, tí eku ń gbé kiri, mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà náà ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, ẹ̀rùn sì ni àsìkò rẹ̀ gan-an. Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ: ilé kan ṣoṣo kò lè dẹ pàkúté fún eku àdúgbò.

1. Eku wo là ń dẹ?

Mastomys natalensis ni eku tí a mọ̀ jù tó ń gbé ibà yìí kiri. Ó kéré sí èkúté àjà, ọmú abo rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì lè bí ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Oko ni, ilé ni, kò síbi tí kò lè gbé. Lọ́dún 2016, Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ibà náà wà lára irú eku méjì mìíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣa eku ṣà; èyíkéyìí tó bá wọlé, ẹ dẹ ẹ́.

2. Pàkúté wo?

Oko ni ẹ̀bìtì yẹ, torí ọmọdé ń ràkòrò nínú ilé. Gọ́ọ̀mù èkúté kò dára: eku á máa jà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, á máa tọ̀, inú ìtọ̀ rẹ̀ sì ni àrùn wà. Àwọn onímọ̀ ń lo àgò onírin torí pé wọ́n fẹ́ eku láàyè kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin kò nílò ẹ̀jẹ̀ eku. Ní ti oògùn, eku tó bá jẹ ẹ́ lè lọ kú sínú àjà kó máa rùn, ológbò tàbí òwìwí tó bá sì jẹ òkú rẹ̀ lè bá a lọ.

Ó wá ku pàkúté pẹlẹbẹ tó ń ré, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwọn àgbà ní ẹ̀bìtì tí kò kún ẹmọ́ lójú, òun ní í yí i lẹ́yìn pẹ̀kí. Àmọ́ ibi tí a bá gbé pàkúté náà sí ló ń jẹ́ kó mú. Eku kì í gba àárín yàrá. Ìdí ògiri ló ń tọ̀ lóru, irun ẹnu rẹ̀ ló fi ń mọ̀nà. Ẹ wo ibi tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti sọ ògiri di dúdú. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé pàkúté sí ní ìbú, kí ojú ìjẹ kan ògiri.

3. Ìjẹ wo?

Ẹ lọ ẹ̀pà, ẹ gún ẹja gbígbẹ àti àgbàdo mọ́ ọn. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ti tó. Bó bá pọ̀, etí rẹ̀ ni eku á ti jẹ ẹ́ lọ láìfọwọ́ kan irin. Bí ẹja nìkan ni ẹ ní, ẹ fi òwú so ó mọ́ ojú ìjẹ. Èkúté àjà máa ń fura sí ohun tuntun: ẹ kọ́kọ́ gbé ìjẹ lé pàkúté láìdẹ ẹ́ fún òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó jẹun kó sì fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n gààrí tó wà láìdé nínú ilé ìdáná, ìjẹ ni òun náà, ó sì pọ̀ ju tiyín lọ. Ẹ bu ú sínú ike onídèérí kí ẹ tó ra pàkúté rárá. Gààrí tí à ń sá sétí títì náà, ìjẹ eku ni.

4. Àdéhùn

Ní orílẹ̀-èdè Gíní, àwọn onímọ̀ fi oògùn pa eku nínú àwọn abúlé kan fún ọdún 4, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Eku dín kù lẹ́yìn oògùn, àmọ́ kí ọdún tó yípo, wọ́n ti tún kún. Ẹni tó pa tilé rẹ̀ tán, àyè ló fi sílẹ̀ fún ti aládùúgbò.

Ẹ wo àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní Vietnam. Wọ́n ń gbin ìrẹsì sí ilẹ̀ kékeré kan ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ṣáájú ti gbogbo oko. Wọ́n á fi ọ̀rá ṣọgbà yí i ká, wọ́n á dá ihò sára ọgbà, wọ́n á sì gbé àgò sẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì tó kọ́kọ́ gbó á fa eku wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọgbà kan lè dáàbò bo nǹkan bí hẹ́kítà 10 sí 15. Oko ẹni kan ni ọgbà wà, oko gbogbo ará ibẹ̀ ló sì ń jàǹfààní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn.

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, kí iná oko tó lé eku wọlé. Kí gbogbo ilé dẹ pàkúté lóru kan náà, kí wọ́n sì tún un ṣe lóṣooṣù títí òjò fi dé. Kí àpò ẹgbẹ́ ra pàkúté fún ẹni tí kò lówó, torí eku ilé rẹ̀ ni yóò wọ ilé olówó. Kí a yan àwọn tí yóò máa kó òkú eku: ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n da omi blíìṣì sí i, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yan án jẹ, kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ibà bá sì mú, kó yára gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ̀yin alága àdúgbò, a ò gbọdọ̀ túká láìjẹ́ pé ẹ ti dá ọjọ́.