Ẹ̀gbin Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ àti Odò Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kò dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí odò mọ́ kò gbọdọ̀ dijú sí i.

Bí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá kún, à ń pe ọkọ̀ tí ń fa ẹ̀gbin. Níbo ni yóò dà á sí? Bí ìlú kò bá pèsè àyè, inú igbó tàbí etí odò ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin aràn inú rẹ̀ lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Nínú garawa 100 gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ṣàn, ìdọ̀tí gidi lè má ju 2 lọ. Omi ni 98 ìyókù. Bí a bá yọ omi títí ìdọ̀tí fi di ìdá kan nínú mẹ́rin, nǹkan bíi garawa 8 péré ni yóò kù láti kó.

Iṣẹ́ náà kò ṣe àjèjì sí àwọn ìyá wa. Ògì a rì sísàlẹ̀, omidùn a tòrò lókè. Ẹ̀gẹ́ rírìn a sì wà nínú àpò títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé ní Cambérène, ní ìlú Dakar, láti 2006: wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀gbin silẹ̀ nínú ọ̀gbun, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn yanrìn. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ yanrìn náà, páìpù sì wà nísàlẹ̀ tí ń gba omi. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni yóò parí ìyókù. Bí a bá tẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó fún un láti gbẹ. Ní ìgbà òjò, ó ń fẹ́ òrùlé.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra o. Omi tí ó ro kò tíì mọ́. Adágún ìwẹ̀nùmọ́ ni kí a darí rẹ̀ sí, kì í ṣe odò. Èyí tí ó gbẹ náà ní láti wà ní òkìtì ju ọdún kan lọ kí ó tó dé oko.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ yìí kí ó wá ilẹ̀ tí ó jìnnà sí odò àti kànga, kí ó sì fi owó olùtọ́jú àti ti yanrìn tuntun sínú ìṣirò ọdọọdún, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá fi ṣọ́bìrì kó ẹ̀gbin ni yanrìn ń bá a lọ.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó da ẹ̀gbin sí òkè odò, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò bù mu nísàlẹ̀?