Ẹ̀mí Kì í Ṣe Ọjà: Èrò Òǹwòran Lórí Eré Aníkúlápó

(Ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́, Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì)



Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ mọ́ eré kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti wò, tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ pé wọ́n ti wò. Aníkúlápó ni orúkọ rẹ̀. Kúnlé Afọláyan ni ó gbé e jáde, ọmọ olóògbé Adéyẹmí Afọláyan tí ayé mọ̀ sí Adé Love, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré alárìnkiri ìgbà nì. Fíìmù kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ jẹ́ nígbà tí ó jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ jáde ní ìpín mẹ́fà. Ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìtàn náà dá lé lórí.

Sàró jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ tó wọ ìlú Ọ̀yọ́ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ da òun àti Arólákẹ́, olorì ọba, pọ̀; wọ́n sì lù ú pa nítorí rẹ̀. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde nínú igbó, agbára tí ẹyẹ náà fi ń jí òkú sì bọ́ sí òun àti Arólákẹ́ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, Sàró sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú níbẹ̀. Ó di ọlọ́lá, ó fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, ó gbàgbé obìnrin tó bá a jìyà. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi kí wọ́n fi ọmọbìnrin ọba fún òun kí òun tó jí i. Ṣùgbọ́n Arólákẹ́ ti mú agbára náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kùnà ní gbangba, ẹ̀mí tirẹ̀ náà sì bá a lọ. Ibẹ̀ ni ìpín mẹ́fà ti ọdún 2024 ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀run kò gba Sàró, wọ́n dá a padà sáyé kí ó wá gba àwọn ẹ̀mí tó ti jí dìde.

Ẹni tó bá fi ojú inú wo eré yìí yóò rí i pé ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ̀mí tí Sàró sọ di ọjà nínú fíìmù àkọ́kọ́ ni ó di gbèsè sí i lọ́rùn nínú èkejì. Ìyá tó ti jó, tó ti dúpẹ́ pé ọmọ òun jí, ní láti sunkún ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Ohun tí ènìyàn kò dá, tí kò sì ní àṣẹ lé lórí, kò ṣeé tà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí jẹ́, eré náà sì sọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú Yorùbá tó yè kooro àti aṣọ tó bá ìgbà mu.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ìjà agbára láàárín àwọn ìjòyè àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ oríṣìíríṣìí gba ojú eré mọ́ gbèsè Sàró lọ́wọ́. Ọmọ tí sùúrù rẹ̀ kò tó yóò ti rí ọlá Sàró ní àrítẹ́rùn, kò sì ní dúró rí ìgbà tí ó ń san gbèsè.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn àjíǹde òkú lẹ́nu òṣèré rárá. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Síbẹ̀, kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ̀ pé Ànábì Ísá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jí òkú dìde, àti pé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun ni ó fi ṣe é. Kò díye lé e, kò sì fi gba ìyàwó. Ẹni tó bá mọ èyí ti ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn Sàró. Òṣùwọ̀n yìí gan-an ni ó yẹ kí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí fóònù tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan láti fi ṣe oògùn owó. Ìròyìn tó jáde ni pé ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook ni òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú oṣù Kejì, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ní kí ìjọba kéde ọ̀rọ̀ pípa ènìyàn ṣe oògùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì. Ní oṣù Kaàrún ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà kéde òfin tó lòdì sí fífi oògùn owó ṣe ẹwà nínú fíìmù. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú yàrá tí ọmọ ti ń dá fóònù wò ní òru.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ilé. Ní Èkìtì yìí ni a ti bí Jímọ̀ Àlíù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àwòrò, ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1939. Adó-Èkìtì yìí náà ni ó kú sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Òun ni ó ṣe Àrélù àti Yánpọnyánrin lórí tẹlifísọ̀n. Ọfọ̀ àti oògùn kò wọ́n nínú wọn. Ọmọdé tó bá rí Fádèyí Olóró lójú eré lè má lè dá lọ sẹ́yìn ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ló wá dé tí ẹ̀rù náà kò fi sọ àwọn ọmọ ìgbà náà di ọ̀daràn? Tẹlifísọ̀n kan ni ó máa ń wà nínú agbolé, gbogbo ilé ni ó sì ń jókòó sí i: bàbá lórí àga, ìyá àgbà lórí ẹní, àwọn ọmọ nílẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ̀n, àgbà a ní, "Eré ni wọ́n ń ṣe." Bí òkú-òǹrorò bá sì jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níparí, àgbà a ní, "Ṣé ẹ rí i?" Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ ìjàpá ṣe rí. Kò sí ọmọ tó gbọ́ àlọ́ tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó pa á wà níbẹ̀.

Lónìí, ọmọ ń dá wò ó. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ wo eré náà tán. Àwọn gígé kéékèèké ni ó ń rí lórí fóònù, níbi tí Sàró ti wọ aṣọ ńlá, tí àwọn ènìyàn ń wólẹ̀ fún un. Ìparí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ọlá Sàró tí kò rí gbèsè rẹ̀ ti gbọ́ irọ́, bí eré náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ purọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun mẹ́ta ni ó kù sí yín lọ́wọ́. Èkínní, bí àwọn ọmọ bá máa wo irú eré yìí, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ sì wò ó dé òpin. Èkejì, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni ó ni agbára náà? Kí ni Sàró fi gbà? Ta ni ó san án? Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ẹ̀kẹta ni ó le jù. Bí ẹnì kan bá ra ọkọ̀ ńlá wọ àdúgbò, tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe máa yìn ín níṣojú ọmọ. Ìyìn tí kò béèrè orísun ọrọ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ ju fíìmù lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀mí ẹlòmíràn lè di owó ti fẹ́ fi gbèsè tí kò ṣeé san kọ́ yín lọ́rùn. Ẹ sá fún un.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ, kí Ó fún àwọn òbí ní sùúrù láti jókòó tì wọ́n, kí Ó sì fi ọrọ̀ mímọ́ rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.