Pàǹtí ni tàbí Àrokò?

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kò tí ì gbó nílò irin púpọ̀ láti fi ṣe èròjà tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Nítorí náà ni purotéènì kan ṣe wà lára awọ rẹ̀ tí ń gba irin wọlé, bí adènà tí ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti gbó tán, a kì í rí adènà yìí mọ́. Níbo ni ó gbà lọ?

Ní 1983, ikọ̀ méjì rí ìdáhùn. Rose Johnstone àti Bin-Tao Pan, ní ìlú Montreal ní Kánádà, yẹ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn wò. Clifford Harding, John Heuser àti Philip Stahl, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, yẹ ti eku wò. Wọ́n rí i pé awọ sẹ́ẹ̀lì a máa ká wọ inú, a sì di àpò. Ara àpò náà yóò tún yọ kókó sínú, kókó wọ̀nyí yóò já, wọn yóò sì di àpò wẹẹrẹ tí purotéènì náà wà lára wọn. Àpò ńlá yóò wá lẹ̀ mọ́ etí sẹ́ẹ̀lì, yóò ṣí, yóò sì da àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ síta. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni awọ ká, apá purotéènì tí ó kọjú síta tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì kọjú síta. Ní 1987, Johnstone àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sọ àpò wẹẹrẹ yìí ní exosome. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè to nǹkan bí 10,000 rẹ̀ sínú mílímítà kan.

Àwọn kan ní pàǹtí lásán ni. Ṣùgbọ́n ní 1996, Graça Raposo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan tí ń gbèjà ara ń tú irú àpò bẹ́ẹ̀ síta, àti pé purotéènì ara rẹ̀ lè ta sẹ́ẹ̀lì agbèjà mìíràn jí.

Ẹni tí kò mọ àrokò, bí ó bá rí owó ẹyọ tí a so mọ́ okùn, lè gbá a dànù. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pàápàá ń tú àpò wọ̀nyí sínú ẹ̀jẹ̀. Bí oníṣègùn bá mọ̀ ọ́n kà, ó lè rí àmì àrùn láìfi ọ̀bẹ kan aláìsàn. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe yára pe ohun tí sẹ́ẹ̀lì tì síta ní pàǹtí: ohun tí ẹnì kan kó dànù lè jẹ́ iṣẹ́ tí a rán sí ẹlòmíràn.