Nígbà Tí Wọ́n Bá Fẹ́ Fa Wáyà Fáíbà Wọ Ilé Yín
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Odò-Ẹrẹ̀)

  Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó-oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni ó máa ń gbé wa dìde nínú ìpàdé. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí i.

Púpọ̀ nínú wa ló ní ilé tàbí ọmọ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá. Níbẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń fa wáyà fáíbà wọ inú ilé, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba inú wáyà wọlé. Ọ̀kan nínú wa tí ó kọ́ ilé sí Èkó san owó, àwọn ọmọkùnrin méjì sì dé láti ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n ti ń lu ògiri, wọ́n lu wáyà iná tí ó wà nínú rẹ̀, iná kú ní yàrá méjì. Jìnnìjìnnì mú èyí tí ó wà lórí àkàbà, ó jábọ́, apá rẹ̀ sì rọ́. Nígbà tí ẹni wa dé ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn kò mọ àwọn ọmọ náà, agbaṣẹ́ṣe ni ó rán wọn. Agbaṣẹ́ṣe ní òun náà ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí yóò tún wáyà iná ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò wo apá ọmọ ọlọ́mọ. Iye ilé tí wọ́n bá parí lójúmọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Bàbà ni wáyà tẹlifóònù ayé P&T, iná ni ó sì ń gba inú rẹ̀. Gíláàsì ni fáíbà, tí a fà títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀. Charles Kao, ọmọ Ṣáínà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé ní 1966 pé bí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ọdún 43! Kì í ṣe owó tiwa nìkan ni ó ń pẹ́.

Àrá kì í gba inú gíláàsì, ṣùgbọ́n bí wáyà tí wọ́n fà láti orí òpó bá ní okùn irin lára, irin yẹn kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Kí wọ́n tó lu ògiri, ẹ fi ibi tí wáyà iná àti páìpù omi gbà hàn wọ́n. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ẹni tí ó fa iná ilé náà. Kí ihò náà dà síta díẹ̀, kí wọ́n sì dí i, kí òjò má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má tẹ fáíbà ní ìtẹ̀kútẹ̀ bí ìgbà tí à ń tẹ wáyà iná sí igun ilé. Ẹ má yọjú wo ẹnu rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ̀ṣẹ́rẹ́ gíláàsì tí wọ́n bá gé sílẹ̀, kí wọ́n ṣà á tán, àgàgà níbi tí ọmọdé ti ń rìn láìwọ bàtà.

Kí wọ́n tó lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ilé yín. Nọ́ńbà tí ó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni yóò jáde. Bí ó bá wà láàárín 15 sí 25, ó dára; bí ó bá ń sún mọ́ 28, ibì kan ti tẹ̀ jù tàbí ó dọ̀tí, kí wọ́n padà lọ wò ó. Bí iná pupa tí wọ́n kọ LOS sí bá tàn lára àpótí náà lọ́jọ́ mìíràn, ìmọ́lẹ̀ kò dé mọ́ nìyẹn, ẹ pè wọ́n. Àárín ilé ni kí ẹ gbé àpótí Wi-Fi sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń dí i lọ́wọ́. Iná NẸ́PÀ ni àpótí náà ń lò, nítorí náà bí iná bá lọ tí kò sí bátìrì, ó parí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀bi kò sí nílé rárá: ní March 14, 2024, wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ kan kan wa níhìn-ín gan-an. Kwara, tí àwa Okun wà nínú rẹ̀ títí di 1991, sọ owó ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ri wáyà mọ́lẹ̀ di náírà 1 fún kìlómítà kan ní 2020. Nígbà tí àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ bá dé Yàgbà, kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí wọn lọ́nà nítorí owó ọtí. Àwa ni yóò san án nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, kí ẹ tó rẹ́ ògiri, ẹ ri páìpù oníròbá kan láti ẹnu géètì dé pálọ̀, kí ẹ sì fi okùn sínú rẹ̀ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ẹni tí yóò tún lu ògiri yín mọ́.

Akọ̀wé ẹ̀ka ti tẹ ìwé olójú kan jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́, ti agbaṣẹ́ṣe àti ti àwọn tí ó wá sí i, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́ náà bí ó ti ń dáàbò bo yín. Ẹ má bá ọmọ tí ó wá jà lórí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe. Ní ti èyí tí apá rẹ̀ rọ́, a ti kọ lẹ́tà méjì sí agbaṣẹ́ṣe náà, èsì kò tíì dé, a ó sì kọ ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí.