Ẹ Ka Nọ́ńbà Kékeré Kí Ẹ Tó Ra Sípíkà Mótò

 

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ mọ nọ́ńbà kọ, ẹ sì mọ ìṣirò. Lónìí, ẹ jẹ́ ká mú ìmọ̀ yìí lọ sí ọjà. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ohun tí ohùn ràdíò ń gbà jáde nínú mótò. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní haut-parleur. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní sípíkà. Sípíkà la ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́? Nítorí owó ni. Ẹ wo awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Kétu sí Kútọnu. Ó ń jí ní ìdájí, ó ń wọlé lóru. Ó fi òógùn ojú kó owó jọ. Ó dé ọjà, ó rí páálí sípíkà tí wọ́n kọ 500 W sí gàdàgbà. Ẹni tó ń tà á ní: «Ọ̀gá, èyí ló lágbára jù.» Awakọ̀ sanwó. Kò pẹ́, sípíkà jóná. Owó ilé-ìwé ọmọ ti wọgbó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òtítọ́ wà lára ọjà náà, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré. Ẹni tó bá kà á kò ní kó sí i.

Kí ni W?

Lẹ́tà W dúró fún wáàtì. Orúkọ èèyàn ni wọ́n fi sọ ọ́: James Watt, ará Scotland, tí wọ́n bí ní 1736, tó sì kú ní 1819. Bí a ti ń fi kílò wọn àgbàdo, bẹ́ẹ̀ la ń fi wáàtì wọn agbára iná.

Ṣùgbọ́n oríṣi wáàtì méjì ni wọ́n ń kọ sára sípíkà. Ẹ fi ọkàn wo alábàárù kan. Ó lè gbé àpò 100 kílò, kó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó gbé ẹrù láti oko dé ilé, bóyá 40 kílò ló máa lè gbé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, èwo lẹ máa wò? Ó dájú pé 40 ni.

Bákan náà ni sípíkà. Níbi tí ẹ bá ti rí MAX, tàbí PEAK, tàbí PMPO, ẹrù ìṣísẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Níbi tí ẹ bá ti rí RMS, tàbí «puissance nominale» ní Faransé, ẹrù oko dé ilé nìyẹn. RMS ni ká wò. Nọ́ńbà MAX wà fún ojú oníbàárà. Nọ́ńbà RMS wà fún iṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí RMS rárá lára páálí, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ràdíò mótò náà ní tirẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ràdíò, wọ́n kọ 4 × 50 W. Ìyẹn ni pé sípíkà mẹ́rin, 50 W fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 4 × 50 = 200 W. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ wo ẹ̀yìn ràdíò náà. Ẹ ó rí fíúsì kékeré kan. Wọ́n kọ 10 sí i lára, ìyẹn áńpíà 10. Áńpíà ń sọ bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Bátìrì mótò jẹ́ fóòtì 12. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tó bíi fóòtì 14. Fóòtì ń sọ agbára tó ń ti iná náà. Bí a bá fi fóòtì sọ áńpíà di púpọ̀, a ó rí wáàtì:

14 × 10 = 140 W.

Ẹ̀yin ará, ṣé igbá tó gba 140 lè da 200 jáde? Kò lè ṣeé ṣe fún ìgbà pípẹ́. Àní 140 náà, apá kan nínú rẹ̀ ló ń di ooru. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ràdíò fi máa ń gbóná. Ohun tí irú ràdíò bẹ́ẹ̀ ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró sábà máa ń wà láàrin 15 W sí 22 W. Nítorí náà, ẹni tó ní ràdíò nìkan kò nílò sípíkà 500 W. Sípíkà tí RMS rẹ̀ jẹ́ 30 W tàbí 40 W tó o.

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò

Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ dB sí. Désíbẹ̀lì nìyẹn. Ó ń sọ bí ohùn sípíkà ṣe ń lọ sókè tó, bí a bá fún un ní iná díẹ̀. Bí dB bá fi 3 ju ti èkejì lọ, ìdajì iná ni sípíkà náà máa lò láti mú irú ohùn kan náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi sípíkà méjì wé ara wọn:

Sípíkà kìíní: 300 W MAX, 40 W RMS, 87 dB.
Sípíkà kejì: 150 W MAX, 50 W RMS, 90 dB.

Ẹni tí kò kàwé á sáré mú kìíní nítorí 300. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ìkejì ní 20 W, ohùn rẹ̀ á lọ sókè bíi ti ìkìíní tó gba 40 W. Ìkejì ló yẹ ràdíò tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí èyí pẹ̀lú: kí etí tó gbọ́ ohùn ní ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Wáàtì púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohùn di púpọ̀.

Ohun tó ń jó sípíkà

Àwọn kan rò pé iná púpọ̀ nìkan ló ń jó sípíkà. Rárá o. Ràdíò tí agbára rẹ̀ kéré, tí a yí ohùn rẹ̀ dé òpin, lè jó o pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn ń ya, tó ń han gooro, ràdíò ti rẹ̀ nìyẹn. Sípíkà kékeré tó ń kọ ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ tètè yí ohùn sílẹ̀.

Ẹ tún wo àmì yìí: Ω. Ohm ni orúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú sípíkà mótò jẹ́ 4 Ω. Bí oníṣẹ́ iná bá so méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn sí ojú okùn kan ṣoṣo, wọ́n di 2 Ω. Ràdíò tí wọ́n ṣe fún 4 Ω á gbóná jù, ó sì lè bàjẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní ampli, kó fi RMS ampli wé RMS sípíkà. Kí ti sípíkà dọ́gba pẹ̀lú ti ampli, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ṣe ìlànà kan fún wíwọn wáàtì ampli mótò. Bí ẹ bá rí CEA-2006 tàbí CTA-2006 lára ampli tó jẹ́ ojúlówó, ìlànà yẹn ni wọ́n fi wọn ọ́n.

Okùn iná ampli ní láti ti ara bátìrì wá, kí fíúsì sì wà lórí rẹ̀, kó má ju nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí bátìrì. Bí fíúsì bá já, ẹ má fi wáyà lásán tàbí bébà sìgá rọ́pò rẹ̀ láéláé. Fíúsì ń kú kí mótò má baà jóná. Ẹ̀mí èrò wà nínú mótò yẹn.

Ẹ̀yin ará, ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ojú yín ti là báyìí; ẹ fi ṣọ́ àpò yín. Bí ẹnìkan bá ń rọ̀ yín pé kí ẹ sáré sanwó, ẹ ní kó ní sùúrù. Ẹ yí páálí náà po, ẹ kà á. 

Ìbéèrè

1. Láàrin MAX àti RMS, èwo la fi ń ra sípíkà? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Fíúsì ràdíò kan jẹ́ áńpíà 15. Fóòtì mótò jẹ́ 14. Wáàtì mélòó ló lè wọ inú ràdíò náà?
3. Ẹ lọ wo sípíkà kan ládùúgbò yín. Ẹ kọ RMS, dB àti Ω rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.