Kíkọ́ Lẹ́tà Lárúbáwá Nígbà Tí A Ti Dàgbà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ajah)



Láti kékeré ni mo ti ń ka Fátíhà lórí. Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, gbé Àlùkùránì síwájú mi, ó ní, “Bàbá, èwo ni Míìmù níbí?” Mo wo ojú ìwé náà títí, n kò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí. Ìgbà náà ni ó yé mi pé etí mi nìkan ni ó kọ́ kéwú, ojú mi kò bá a kọ́ ọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo mú wàláà, mo lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé lọ́dọ̀ àfáà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Lẹ́tà Lárúbáwá jẹ́ 28, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì ni a sì ń kọ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí iye wọn bà yín lẹ́rù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn jọra bí ọmọ ìyá. Bá, Tá àti Thá rí bákan náà: Bá ní àmì róbótó kan nísàlẹ̀, Tá ní méjì lókè, Thá ní mẹ́ta lókè. Ìlà kékeré lókè lẹ́tà ń dún bí a, ìlà nísàlẹ̀ ń dún bí i, èyí tí ó ká kò lókè ń dún bí u. Mẹ́fà péré, Alífù, Dálì, Dhálì, Rá, Záì àti Wáù, ni kì í so mọ́ lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e.

Ojú lè tètè mọ gbogbo èyí. Ẹnu ni iṣẹ́ wà. Èdè wa kò ní ìró Záì, ìdí nìyí tí Zaynab fi di Sẹ̀nábù, tí zakat fi di sàká. Áínì tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí a sọ di àlàáfíà ti sọnù lẹ́nu wa. Kò sí àbùkù nínú èyí bí a bá ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú Lárúbáwá, qalb ni ọkàn, kalb ni ajá. Qáfù àti Káfù ni ó yà wọ́n. Bí ẹnìkan bá wí fún wa ní Ajah pé ọkọ́ ni òun wọ̀ kọjá ọ̀sà, ṣé a kò ní rẹ́rìn-ín?

Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí a fi lẹ́tà Yorùbá tú kéwú sí. Ẹ wo ẹnu àfáà. Fún Thá, ẹ fi ṣóńṣó ahọ́n sáàárín eyín. Fún Qáfù, ẹ fa ìdí ahọ́n sẹ́yìn ju ti Káfù lọ. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó.

Olùkọ́ kò jìnnà sí wa. Markaz tí Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 ti wà ní Agége láti 1955, àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ sì tàn káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun lè fi tẹlifóònù gbọ́ ohùn olùkọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ni pé kí a ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn àgbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Alífù, kí ojú má baà máa tì wọ́n láàárín ọmọdé. Hádíìsì sọ pé ẹ̀san méjì ni ti ẹni tí ó ń fi ìnira kà á.

Lónìí, mo lè fi ìka tọ́ka sí Míìmù fún ọmọ mi. Áínì ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ọmọ náà ni ó sì ń tún un ṣe fún mi. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

 Kí Ọlọ́run bá wa tún Ajah ṣe.